Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Bí Orílẹ̀-Èdè Bràsíìlì Ṣe Ń Bá Gbogbo Ayé Ṣòwò

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, àwọn àgbẹ̀ tí ń gbin kọfí ní orílẹ̀-èdè Bràsíìlì wà lẹ́nu ìkórè nígbà tí ìròyìn búburú kàn wọ́n lára. Orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, tí ó jẹ́ oníbàárà kọfí wọn tí ó tóbi jù lọ ní ọdún tí ó ṣáájú, fi owó ibodè tuntun lé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjà tí ó bá ti Bràsíìlì wá. Owó náà jẹ́ 50 nínú 100. Ìtumọ̀ èyí ni pé bí oníṣòwò kan ní Amẹ́ríkà bá ra kọfí 100 dọ́là láti Bràsíìlì, yóò tún san 50 dọ́là fún ìjọba tirẹ̀ kí àwọn aṣọ́bodè tó jẹ́ kí ó gbé ẹrù rẹ̀ kúrò ní èbúté.

Àgbẹ̀ kọfí kò ṣẹ Amẹ́ríkà. Kọfí rẹ̀ kò bàjẹ́, òṣùwọ̀n rẹ̀ kò sì dín. Ọ̀rọ̀ ìṣèlú ni ó bí ìjà náà, ṣùgbọ́n orí àpò kọfí ni pàṣán rẹ̀ bọ́ sí. Síbẹ̀, Bràsíìlì kò tìtorí rẹ̀ wó lulẹ̀. Nígbà tí ó di oṣù kọkànlá ọdún kan náà, Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ mú àfikún owó náà kúrò lórí kọfí, ẹran màlúù àti àwọn oúnjẹ mìíràn, nítorí pé ọ̀wọ́n oúnjẹ ti ń ni àwọn ará ìlú rẹ̀ lára.

Bí irú ọ̀rọ̀ yìí bá ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ìparun ni ì bá jẹ́ fún Bràsíìlì. Èyí kì í ṣe àròsọ. Ní ọdún 1929, nǹkan bàjẹ́ mọ́ àwọn oníbàárà kọfí lọ́wọ́ ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, gbogbo ilẹ̀ Bràsíìlì ni ó sì jìyà rẹ̀. Kí ni ó yí padà láàárín àkókò méjèèjì yìí? Ìdáhùn ìbéèrè náà wúlò fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ń gbin ohun tí à ń tà sí òkè òkun, ìbáà ṣe kọfí, ìbáà ṣe kòkó.

ILẸ̀ TÍ A FI ORÚKỌ ỌJÀ PÈ

Bràsíìlì wà ní apá gúúsù ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní òdì kejì òkun ńlá tí ó wà níwájú Èkó. Ó tóbi ju Nàìjíríà lọ ní ìlọ́po mẹ́sàn-án. Nígbà tí a ka àwọn ènìyàn rẹ̀ ní ọdún 2022, wọ́n lé ní mílíọ̀nù 200. Èdè Potogí ni wọ́n ń sọ, nítorí pé àwọn Potogí ni wọ́n gba ilẹ̀ náà lẹ́yìn tí Pedro Álvares Cabral gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní ọdún 1500, ọwọ́ wọn ni ó sì wà títí ó fi gba òmìnira ní ọdún 1822.

Orúkọ orílẹ̀-èdè náà pàápàá, orúkọ ọjà ni. Igi kan wà nínú igbó etíkun rẹ̀ tí inú rẹ̀ pọ́n bí ẹyin iná. Pau-brasil ni àwọn Potogí ń pè é. Gẹ́gẹ́ bí a ti ń rí àwọ̀ pupa lára igi osùn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn aláró ní Yúróòpù ń fi igi yìí pa aṣọ láró pupa. Ọjà àkọ́kọ́ tí ilẹ̀ náà tà nìyẹn. Lẹ́yìn igi ni ṣúgà, lẹ́yìn ṣúgà ni wúrà, lẹ́yìn wúrà ni kọfí. Ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, ohun kan ṣoṣo ni ó ń gbé gbogbo ilẹ̀ náà ró. Bí ohun náà bá tán, tàbí bí àwọn ẹlòmíràn bá ń tà á ní ẹ̀dínwó, ìyà a dé. Kò tilẹ̀ sí àyè láti wá oníbàárà mìíràn, nítorí pé títí di ọdún 1808 ni ìjọba Potogí kò gbà kí ọkọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn wá rà tàbí wá tà ní èbúté rẹ̀.

ÀWỌN ÀGÙDÀ ÀTI ÒWÒ BAHIA

Ìwọ̀nba ilẹ̀ òkèèrè ni ọ̀rọ̀ òwò rẹ̀ kan àwọn ọmọ Yorùbá tó ti Bràsíìlì. Ènìyàn ni ọjà tí ó burú jù lọ nínú òwò náà. Àwọn oníṣòwò Bahia ń kó tábà tí a fi oyin ìrèké pa wá sí etíkun, láti Wìdá títí dé Èkó, wọ́n sì ń fi í ra ènìyàn lọ sí oko ìrèké àti oko kọfí. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Yorùbá ni a kó lọ bẹ́ẹ̀. Ọdún 1888 ni Bràsíìlì tó fi òfin dá gbogbo ẹrú sílẹ̀. Òun ni ó ṣe é kẹ́yìn nínú gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Ṣùgbọ́n òwò mìíràn tí ó mọ́ dìde láàárín ilẹ̀ méjèèjì. Àwọn tí wọ́n ra ara wọn padà, tí wọ́n sì padà wá sí Èkó, Porto-Novo àti Wìdá, àwọn tí à ń pè ní Àgùdà, kò gbàgbé àwọn ará wọn ní Bahia. Wọ́n ń fi aṣọ òfì, obì, epo pupa àti ọṣẹ dúdú ránṣẹ́ sí òdì kejì òkun. Tábà àti ọtí ìrèké sì ń ti ibẹ̀ bọ̀. Àwọn tí wọ́n wà ní Bahia ń rà wọ́n, nítorí pé wọn kò lè rí irú wọn níbòmíràn. Òwò kékeré ni, ṣùgbọ́n ó fi ohun kan hàn: ẹni tí ó bá mọ ohun tí oníbàárà rẹ̀ ń fẹ́ gan-an kò ní ṣàì rí ọjà rẹ̀ tà.

KỌFÍ TÍ WỌ́N DÁNÁ SUN

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, nínú àpò kọfí mẹ́rin tí gbogbo ayé ń rà, nǹkan bí mẹ́ta ni ó ń ti Bràsíìlì wá. Owó kọfí ni a fi la ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin láti oko títí dé èbúté Santos. Owó kọfí ni ó sọ ìlú São Paulo di ìlú ńlá. Bí owó bá ti ń wọlé, bẹ́ẹ̀ ni olúkúlùkù ń gbin sí i. Igi kọfí kì í so lójú ẹsẹ̀. Ó tó ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ó tó so dáadáa. Nítorí náà, ẹni tí ó gbìn ín nígbà tí ó wọ́n lè má kórè rẹ̀ títí yóò fi pọ̀ ní ọjà. Àgbẹ̀ kòkó kankan kò nílò àlàyé lórí èyí.

Ní ọdún 1906, àwọn aláṣẹ ìpínlẹ̀ mẹ́ta, São Paulo, Minas Gerais àti Rio de Janeiro, pàdé ní ìlú Taubaté. Wọ́n pinnu láti yá owó ní òkè òkun, kí wọ́n fi ra kọfí tí ó pọ̀ jù, kí wọ́n sì kó o pamọ́ títí owó rẹ̀ yóò fi gòkè. Ète náà fara jọ iṣẹ́ àwọn Bọ́ọ̀dù tí ń ra irè oko ní Nàìjíríà kí ìjọba tó tú wọn ká ní ọdún 1986. Ní àkọ́kọ́, ó ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n owó rere tí Bràsíìlì ń dì mú fún kọfí ni ó mú kí àwọn àgbẹ̀ Kòlóńbíà àti ti ilẹ̀ mìíràn gbin tiwọn. Àwọn àgbẹ̀ Bràsíìlì pàápàá ń gbin sí i, nítorí wọ́n mọ̀ pé ìjọba yóò rà á. Ilé ìkẹ́rù kún, gbèsè sì ń ga.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1929, owó dẹnu kọlẹ̀ ní New York. Àwọn tí ń ra kọfí dín ohun tí wọ́n ń rà kù, àwọn tí ń yá Bràsíìlì lówó sì pa àpò wọn dé. Owó kọfí já wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba fi gbà pé ó sàn kí wọ́n ba á jẹ́ ju kí wọ́n tà á lọ. Láti ọdún 1931 títí di ọdún 1944, wọ́n dáná sun kọfí tàbí kí wọ́n dà á nù, ó sì lé ní mílíọ̀nù 78 àpò. Àpò kọ̀ọ̀kan jẹ́ 60 kílógíráàmù. Kọfí náà pọ̀ tó èyí tí gbogbo ayé ń mu ní ọdún mẹ́ta nígbà náà. Ẹ̀yìn àwọn àgbẹ̀ ni ó mú un jáde láti inú ilẹ̀, ìjọba wọn ni ó sì sọ ọ́ di eérú.

RỌ́BÀ TÍ Ó LỌ

Ní apá àríwá orílẹ̀-èdè náà, nínú igbó odò Amazon, nǹkan kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ibẹ̀ ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú rọ́bà ayé ti ń wá ní ìgbà kan. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí fi rọ́bà ṣe ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ àti ti mọ́tò, owó ya wọ ìlú Manaus bí omi. Ní ọdún 1896, wọ́n ṣí gbọ̀ngàn eré ńlá kan níbẹ̀, láàárín igbó kìjikìji, tí ó jẹ́ pé láti Yúróòpù ni wọ́n ti kó púpọ̀ nínú ohun èlò rẹ̀ wá.

Ṣùgbọ́n ní ọdún 1876, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Henry Wickham ti kó nǹkan bí 70,000 èso rọ́bà lọ sí ọgbà ìjọba ní Kew, ní Lọ́ńdọ̀nù. Nínú èyí tí ó hù, wọ́n kó lọ sí Ceylon àti Malaya. Níbẹ̀ ni wọ́n ti gbìn ín ní ìlà-ìlà, tí ẹni kan lè dá ọ̀pọ̀ igi ní òwúrọ̀ kan, nígbà tí ẹni tí ń dá rọ́bà ní Amazon ní láti máa rìn kiri inú igbó láti igi dé igi. Kí ọdún 1914 tó parí, rọ́bà Éṣíà ti ju ti Bràsíìlì lọ. Owó já, ìlú Manaus sì dákẹ́. Bí ohun kan bá tilẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni kan ṣoṣo lónìí, ọjọ́ ń bọ̀ tí ẹlòmíràn yóò gbin tirẹ̀.

ILÉ IṢẸ́ ÀTI GBÈSÈ

Getúlio Vargas gba ìjọba ní ọdún 1930, nígbà tí kọfí ti di ẹrù tí kò sí ẹni tí ń fẹ́ ẹ. Láti ìgbà náà ni Bràsíìlì ti bẹ̀rẹ̀ sí wá ọ̀nà láti máa ṣe ohun tí ó ń rà tẹ́lẹ̀. Ilé iṣẹ́ irin ńlá tí ó wà ní Volta Redonda bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1946. Ní ọdún 1953, wọ́n dá Petrobras sílẹ̀ láti máa wa epo rọ̀bì. Ní ọdún 1969, wọ́n dá Embraer sílẹ̀ láti máa ṣe ọkọ̀ òfuurufú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó rò pé àsọdùn ni. Ṣùgbọ́n lónìí, ọkọ̀ òfuurufú Bràsíìlì ń fò ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ orílẹ̀-èdè, títí kan Nàìjíríà.

Kí ọjà òkèèrè má bàa pa àwọn ilé iṣẹ́ tuntun wọ̀nyí ní kékeré, ìjọba fi owó ibodè ńlá lé e. Òfin yìí ní èrè, ó sì ní àdánù. Èrè rẹ̀ ni pé iṣẹ́ pọ̀, ìmọ̀ sì gbilẹ̀. Àdánù rẹ̀ ni pé ilé iṣẹ́ tí kò ní olùdíje kì í tètè kánjú láti tún ọjà rẹ̀ ṣe. Ohun tí kò dára tó ni ará ìlú ń fi owó púpọ̀ rà.

Ní ọdún 1973, owó epo rọ̀bì ayé fò sókè ní ìlọ́po mẹ́rin. Òkè òkun ni Bràsíìlì ti ń ra nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún epo tí ó ń lò. Ó fi ọgbọ́n gbé ètò kan dìde ní ọdún 1975 láti máa fi ìrèké ṣe ọtí líle tí mọ́tò lè mu dípò epo. Ṣùgbọ́n ó tún yá owó púpọ̀. Nígbà tí èlé gòkè, agbára rẹ̀ kò ká a mọ́. Láti ọdún 1982 ni gbèsè ti dè é mọ́lẹ̀. Ọ̀wọ́n gógó tẹ̀ lé e. Ní ọdún 1993, iye owó ọjà fò sókè ju ìlọ́po ogún lọ láàárín ọdún kan ṣoṣo. Oṣù keje ọdún 1994, nígbà tí wọ́n gbé owó tuntun tí à ń pè ní riáàlì jáde, ni ara tó bẹ̀rẹ̀ sí tu àwọn ènìyàn.

Láàárín àkókò yìí ni wọ́n dín owó ibodè kù, tí wọ́n sì tún bá àwọn aládùúgbò rẹ́. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹta ọdún 1991, Bràsíìlì, Ajẹntínà, Paraguay àti Uruguay fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní ìlú Asunción, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ Mercosur sílẹ̀. Ète rẹ̀ ni pé kí ọjà máa lọ láti ilẹ̀ kan sí èkejì láìsí owó ibodè púpọ̀. Ọkọ̀ mọ́tò Bràsíìlì ń lọ sí Ajẹntínà, ọkà wíìtì Ajẹntínà sì ń wá sí Bràsíìlì.

ILẸ̀ TÍ A KÒ KÀ SÍ

Ọ̀nà tí ó la ọjà jù lọ fún Bràsíìlì kò ti ilé iṣẹ́ wá, láti inú oko ni. Ní àárín orílẹ̀-èdè náà, ilẹ̀ ọ̀dàn kan wà tí à ń pè ní Cerrado. Ó fẹ̀ ju ìlọ́po méjì Nàìjíríà lọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ènìyàn gbà pé màlúù nìkan ni ó lè jẹko níbẹ̀, nítorí pé ilẹ̀ rẹ̀ kan, kò sì lọ́ràá.

Ní ọdún 1973, ìjọba dá ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ kan sílẹ̀ tí à ń pè ní Embrapa. Àwọn onímọ̀ rẹ̀ kọ́ àwọn àgbẹ̀ láti máa da ìyẹ̀fun òkúta ẹfun sí ilẹ̀ náà láti pa kíkan rẹ̀. Ẹ̀wà sóyà, tí ó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Ṣáínà, kò fẹ́ràn ilẹ̀ olóoru. Wọ́n ṣe àṣàyàn irú rẹ̀ tí ó lè so dáadáa níbẹ̀. Wọ́n tún lo àwọn kòkòrò àìfojúrí kan tí ń gbé inú gbòǹgbò sóyà, tí ń fún un ní oúnjẹ láti inú afẹ́fẹ́, kí àgbẹ̀ má bàa ná owó púpọ̀ lórí ajílẹ̀. Orílẹ̀-èdè tí ó ń ra oúnjẹ ní òkè òkun tẹ́lẹ̀ wá di èyí tí ń tà á. Lónìí, kò sí orílẹ̀-èdè tí ń ta sóyà, kọfí, ṣúgà, omi ọsàn àti ẹran adìyẹ sí òkèèrè tó Bràsíìlì.

Kò yẹ kí a fi àdánù ibẹ̀ pamọ́. Igbó àti ọ̀dàn púpọ̀ ni a ti run nítorí oko àti màlúù. Ní ọdún 2023, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ṣe òfin pé àwọn kò ní ra sóyà, ẹran màlúù, kọfí, rọ́bà tàbí kòkó tí a bá gbìn tàbí tí a sìn sí ilẹ̀ tí a pa igbó rẹ̀ run lẹ́yìn ọdún 2020. Wọ́n ti sún ìbẹ̀rẹ̀ òfin náà síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ kòkó ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wà nínú àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn.

ẸJỌ́ ÒWÚ

Ẹni tí ó bá ń tà ní ọjà gbọ́dọ̀ mọ òfin ọjà. Bràsíìlì fi èyí hàn ní ọdún 2002. Ìjọba Amẹ́ríkà ń fún àwọn àgbẹ̀ òwú rẹ̀ ní ìrànwọ́ owó tí ó pọ̀ gan-an, èyí tí ó mú kí òwú wọn pọ̀ ní ọjà, kí owó òwú sì já fún gbogbo ayé. Àwọn àgbẹ̀ òwú ní Bràsíìlì àti ní Áfíríkà ń fi ara gbá a. Bràsíìlì gbé ẹjọ́ náà lọ sí ọ̀dọ̀ Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé ní ìlú Geneva. Ní ọdún 2005, ìdájọ́ ìkẹyìn fi hàn pé Bràsíìlì jàre. Ìjà kò tán níbẹ̀, nítorí pé Amẹ́ríkà kò yára ṣe ohun tí ìdájọ́ sọ. Ní ọdún 2009, a fún Bràsíìlì ní àṣẹ láti gbẹ̀san lórí ọjà Amẹ́ríkà. Ọdún 2014 ni wọ́n tó parí rẹ̀, tí Amẹ́ríkà sì gbà láti san 300 mílíọ̀nù dọ́là láti ran àwọn àgbẹ̀ òwú Bràsíìlì lọ́wọ́. Ọmọ Bràsíìlì kan, Roberto Azevêdo, ni ó jẹ́ olórí Àjọ náà láti ọdún 2013 sí ọdún 2020. Ọmọ Nàìjíríà, Ngozi Okonjo-Iweala, ni ó gba ipò náà lẹ́yìn rẹ̀ ní ọdún 2021.

ONÍBÀÁRÀ TUNTUN, EWU ÀTIJỌ́

Ní ọdún 2009, Ṣáínà gba ipò Amẹ́ríkà gẹ́gẹ́ bí ẹni tí Bràsíìlì ń bá ṣòwò jù lọ. Àwọn ará Ṣáínà ń fẹ́ sóyà láti fi bọ́ ẹlẹ́dẹ̀ àti adìyẹ wọn. Wọ́n ń fẹ́ òkúta irin fún ilé iṣẹ́ irin wọn. Wọ́n sì ń fẹ́ epo rọ̀bì. Ní ọdún 2023, gbogbo ohun tí Bràsíìlì tà sí òkèèrè lé ní 339 bílíọ̀nù dọ́là. Ṣáínà nìkan ra ohun tí ó lé ní 100 bílíọ̀nù nínú rẹ̀. Ní ọdún 2024, ìpín Amẹ́ríkà jẹ́ nǹkan bí 12 nínú 100. Ìdí nìyí tí pàṣán owó ibodè ọdún 2025 kò fi dá Bràsíìlì wó: ó dùn wọ́n, ṣùgbọ́n kì í ṣe Amẹ́ríkà nìkan ni ọ̀nà ọjà wọn. Kọfí tí Amẹ́ríkà kò rà, Jámánì, Ítálì, Jàpáàn àti àwọn mìíràn lè rà á.

Àwọn àgbẹ̀ kéékèèké pàápàá kò dá nìkan dúró. Ní ọdún 1932, nígbà tí kọfí ń jóná lọ́wọ́, àwọn àgbẹ̀ kan ní ìlú Guaxupé ní ìpínlẹ̀ Minas Gerais dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀. Ẹgbẹ́ náà, tí à ń pè ní Cooxupé lónìí, ti di ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kọfí tí ó tóbi jù lọ ní ayé. Ó ní ilé ìkẹ́rù tirẹ̀, ó ń to kọfí ní ìpele-ìpele gẹ́gẹ́ bí ó ti dára tó, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì ń fi í ránṣẹ́ sí òkè òkun. Àgbẹ̀ tí ó ní ibi tí ó lè kó ẹrù rẹ̀ sí kò ní láti tà á ní ọjọ́ tí owó rẹ̀ bá já jù lọ.

Síbẹ̀, àwọn ọlọ́gbọ́n ní Bràsíìlì kò sùn. Wọ́n ń béèrè bóyá sóyà kò tún ti fẹ́ di kọfí ìgbà àtijọ́, kí Ṣáínà sì di New York ọdún 1929. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń tà fún Ṣáínà ni a kò tíì sọ di ohun mìíràn: sóyà nínú kóró rẹ̀, irin nínú òkúta rẹ̀, epo ní rọ̀bì. Ẹ̀rọ, aṣọ àti mọ́tò ni ó ń ti Ṣáínà padà bọ̀, àwọn ilé iṣẹ́ Bràsíìlì sì ń kérora. Bákan náà, nǹkan bí 85 nínú 100 ajílẹ̀ tí àwọn àgbẹ̀ wọn ń lò ni ó ń ti òkèèrè wá, púpọ̀ sì ń ti Rọ́ṣíà. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Yukiréènì ní ọdún 2022, jìnnìjìnnì bo àwọn àgbẹ̀ Bràsíìlì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ibi tí wọ́n ti ń jà jìnnà sí wọn púpọ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń wá àwọn oníbàárà mìíràn kiri. Ọdún 1999 ni Mercosur ti bẹ̀rẹ̀ sí bá Yúróòpù sọ̀rọ̀ lórí àdéhùn òwò; oṣù kejìlá ọdún 2024 ni wọ́n tó parí ọ̀rọ̀ náà. Ọdún 25 gbáko ni wọ́n fi ṣe sùúrù.

KÒKÓ BAHIA ÀTI NÀÌJÍRÍÀ

Ìtàn kan kù tí kò yẹ kí àgbẹ̀ kòkó gbàgbé. Ní ọdún 1985 sí 1986, kòkó Bràsíìlì, tí ó pọ̀ jù ní Bahia, ń tó nǹkan bí 400,000 tọ́ọ̀nù lọ́dún. Ní ọdún 1989, àrùn kan wọ oko wọn tí ń mú kí ẹ̀ka igi kòkó hù jọ bí ìgbálẹ̀, kí ó sì gbẹ. Kò ní so mọ́, èyí tí ó bá sì so yóò jẹrà. Àrùn ìgbálẹ̀ àjẹ́ ni wọ́n ń pè é. Owó kòkó ti já ní àkókò náà, nítorí náà ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kò rí owó tọ́jú oko wọn. Kí ó tó di ọdún 2000, irè náà ti dín kù sí nǹkan bí ìdá mẹ́rin èyí tí ó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Bràsíìlì tí ń tà kòkó wá ń ra kòkó láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kí àwọn ilé iṣẹ́ tí ń lọ̀ ọ́ má bàa kógbá wọlé. Àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n ní irè mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòkó ni ó rí nǹkan jẹ. Àwọn tí kòkó nìkan ni oko wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn fi oko sílẹ̀ lọ sí ìlú.

Ní ti Nàìjíríà, Bràsíìlì ni ó ń ta èyí tí ó pọ̀ jù nínú ṣúgà tí a kò tíì fọ̀ fún un. Ní ìgbà kan, epo rọ̀bì ni Nàìjíríà fi ń san án padà, ó sì pọ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2006, Bràsíìlì rí epo púpọ̀ lábẹ́ òkun tirẹ̀, ó sì dín èyí tí ó ń rà kù. Ní ọdún 2024, epo rọ̀bì tilẹ̀ borí sóyà nínú ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń tà. Nàìjíríà kò ní nǹkan mìíràn tí ó tó láti fi dí àlàfo náà, òwò láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì sì fà sẹ́yìn. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, a gba Nàìjíríà gẹ́gẹ́ bí alábàáṣe ẹgbẹ́ BRICS, tí Bràsíìlì wà lára àwọn tí ó dá a sílẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣí, ohun tí a óò gbé gba ibẹ̀ kọjá ni ọ̀rọ̀ kù sí.

Àwọn àgbà sọ pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bràsíìlì san owó orí kí ó tó gba òwe yìí gbọ́: ó san án nínú eérú kọfí, nínú ìdákẹ́jẹ́ Manaus, àti nínú oko kòkó tí ó gbẹ ní Bahia. Irè tí ó ju ẹyọ kan lọ, oníbàárà tí ó ju ẹyọ kan lọ, ilé ìkẹ́rù tí ó jẹ́ ti àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn, àti ilé ìwádìí tí ń bá wọn rìn: àwọn ni ó gbà á sílẹ̀ ní ọdún 2025. Ìgbàkigbà tí ó bá sì tún gbójú lé ẹyọ kan ṣoṣo, ọdún 1929 kò jìnnà sí i.